Bí A Ṣe Ń Wá Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Rí, Tí A Sì Ń Gbà Á Jáde Ní Ilé Ẹjọ́ Káúńtì: Harris County Ní Houston

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ilé ẹjọ́ ti tú ìgbéyàwó wọn ká láti ọdún pípẹ́ wá, tí wọn kò sì mọ ibi tí ìwé rẹ̀ wà títí di ọjọ́ tí ẹnì kan fi béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó lè jẹ́ àjọ USCIS, tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ni yóò béèrè nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ mú ọkọ tàbí aya tuntun wọ Amẹ́ríkà. Ó lè jẹ́ ọ́fíìsì Social Security, tí ń san owó ìfẹ̀yìntì, tàbí báńkì tó fẹ́ yáni lówó ra ilé, tàbí ibi ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ní Ìkòyí. Ẹni tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà ní àkókò púpọ̀, nítorí náà ó máa ń gbé ìwé èyíkéyìí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tẹ̀ lọ, wọn a sì dá a padà.

Mo sin àǹtí mi kan lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fọ́tókọ́pì tí lọ́yà fún wọn ní ọdún 16 ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n mú lọ. Òṣìṣẹ́ tó gbà á fi àtàǹpàkò ra ìsàlẹ̀ ojú ìwé ìkẹyìn, ó ń wá ibi tí òǹtẹ̀ ti mú kí bébà wú sókè, kò kan nǹkan kan, ó sì rọra tì í padà. Lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́tà tí wọ́n sanwó gbà láti Austin, olú-ìlú Texas, ni wọ́n mú lọ. Lẹ́tà ìjọba ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó tú ìgbéyàwó náà ká gan-an ni ọ̀rọ̀ tó yanjú, gbogbo rẹ̀ kò sì gbà ju wákàtí kan lọ níbẹ̀. Àárẹ̀ ìrìn àjò méjì àkọ́kọ́ yẹn ni mo fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú ìwé tí wọ́n ń béèrè

Ìwé mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń pè ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní Texas, iṣẹ́ wọn kò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tí ẹ̀ka Vital Statistics, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà ní Austin, máa ń kọ láti jẹ́rìí pé orúkọ ènìyàn wà nínú àkójọ àwọn tí ìgbéyàwó wọn ti tú ká. Dọ́là 20 ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, ọdún 1968 sì ni àkójọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn, ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ àti káúńtì, ìyẹn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀, tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni lẹ́tà náà máa ń sọ, kò sí ìdájọ́ kankan nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan tí nọ́mbà rẹ̀ ń jẹ́ VS-165, tí wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí nígbà tí ẹjọ́ bá parí, ni Austin fi ń mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní káúńtì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ fọ́ọ̀mù yẹn, tàbí tí wọ́n ṣi orúkọ kọ sínú rẹ̀, Austin lè sọ fún yín pé àwọn kò rí yín, kí ìwé yín sì wà ní káúńtì láìsí àléébù kankan. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà tó sọ pé wọn kò rí yín já yín láyà.

Ìkejì ni ìwé àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí àkọlé rẹ̀ máa ń jẹ́ Final Decree of Divorce. Ìwé yìí ni adájọ́ fọwọ́ sí. Òun ló sọ ọjọ́ tí ìgbéyàwó tú, bí wọ́n ṣe pín dúkìá, ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ọmọ yóò máa gbé, iye owó ìtọ́jú ọmọ, àti bóyá obìnrin náà gba orúkọ ilé bàbá rẹ̀ padà. Nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí mo ti bá àwọn ènìyàn dá sí, mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ pé ìwé yìí ni wọ́n nílò, èyí tí akọ̀wé kóòtù ti fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí. Orúkọ tí wọn yóò fi dá irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ mọ̀ níbi tí ẹ bá ti béèrè rẹ̀ ni certified copy. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ ni èmi yóò máa pè é.

Ìkẹta ni gbogbo fáìlì ẹjọ́, láti orí ìwé ìpẹ̀jọ́ títí dé ìwé tí wọ́n fi pín owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn tí ìjà dúkìá ṣì wà láàárín wọn nìkan ló sábà ń nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ Social Security kún un níhìn-ín, nítorí pé àwọn ìyá wa púpọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bí ìgbéyàwó bá pé ọdún 10 ó kéré tán kí ó tó tú ká, tí obìnrin náà sì ti pé ọmọ ọdún 62, tí kò ní ọkọ lọ́wọ́, ó lè lẹ́tọ̀ọ́ sí owó lórí iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ṣe, láìdín nínú owó ọkọ náà rárá. Ohun kan náà ló wà fún ọkùnrin. Wọn yóò ka ọdún mẹ́wàá náà láti ọjọ́ ìgbéyàwó títí dé ọjọ́ tí ìkọ̀sílẹ̀ fìdí múlẹ̀, ibi tí wọn yóò sì ti rí ọjọ́ kejì yẹn ni ìwé àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀. Mo mọ ìyá kan tó fi ìwé yìí sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin láìlọ gbà á, nítorí pé kò fẹ́ kí ojú òun tún kan orúkọ ọkùnrin náà mọ́. Ìrora rẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n owó oúnjẹ rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ káúńtì tó tú u ká, kí ẹ sì mọ ọ́fíìsì tí ó wà

Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kì í tẹ̀ lé ibi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Ẹni tó ṣe ìgbéyàwó ní Ìkòyí ní ọdún 1994, tí kóòtù sì tú u ká ní Houston ní ọdún 2009, Houston ni ìwé rẹ̀ wà. Ìkòyí kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bákan náà ni kì í tẹ̀ lé ibi tí ẹ ń gbé lónìí. Òfin Texas sọ pé kí ẹnì kan nínú tọkọtaya ti gbé ní ìpínlẹ̀ náà fún oṣù mẹ́fà, kí ó sì ti gbé ní káúńtì náà fún ọjọ́ 90, kí wọ́n tó lè pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín nìyí: níbo ni èmi tàbí ẹni tí mo fẹ́ nígbà náà ń gbé ní oṣù mẹ́ta tó ṣáájú ìpẹ̀jọ́?

Ibí yìí ni Houston ti máa ń tan ènìyàn jẹ. Àdírẹ́sì lè ka Houston, kí ilé náà sì wà ní Fort Bend County. Ìlú Katy wà nínú káúńtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn Harris, Fort Bend àti Waller. Apá tó pọ̀ jù nínú Missouri City wà ní Fort Bend, díẹ̀ sì wà ní Harris. Pearland wà ní Brazoria fún apá tó pọ̀ jù. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀ dájú, ẹ wo ìwé owó orí ilé tí ẹ san nígbà yẹn, tàbí káàdì ìdìbò, nítorí orúkọ káúńtì máa ń wà lórí wọn. Ìlú Richmond ni kóòtù Fort Bend wà, ti Brazoria wà ní Angleton, ti Montgomery sì wà ní Conroe. Ẹni tó bá lọ sí àárín ìlú Houston láti béèrè ìwé tó wà ní Richmond, ọwọ́ òfo ni yóò padà wálé.

Lẹ́yìn káúńtì, ọ́fíìsì ló kù. Ọ̀rọ̀ náà "ilé ẹjọ́ káúńtì" máa ń darí àwọn ènìyàn sọ́dọ̀ County Clerk, ìyẹn akọ̀wé káúńtì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ láti ṣe ìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé wà, nítorí náà ó bá ọgbọ́n mu láti rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ìtúká rẹ̀ yóò wà pẹ̀lú. Kò sí níbẹ̀. Kóòtù tí wọ́n ń pè ní District Court ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní Harris County, akọ̀wé tó sì ń tọ́jú ìwé kóòtù yẹn ni District Clerk. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní 201 Caroline Street, ní àárín ìlú Houston. Ọ̀tọ̀ ni ọ́fíìsì méjèèjì, ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ará ìlú dìbò yàn sí wọn.

Bí ó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti tú u ká, orúkọ ọ́fíìsì yóò yí padà. Ní Maryland, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí ní Prince George's County, akọ̀wé Circuit Court ni ẹ ó wá lọ. Ní Georgia, akọ̀wé Superior Court ni. Ní New York, kóòtù tó ń tú ìgbéyàwó ká ń jẹ́ Supreme Court, ṣùgbọ́n County Clerk ló ń tọ́jú ìwé rẹ̀, òfin ibẹ̀ sì ti ìwé náà pa fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tó fi jẹ́ pé àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn tàbí lọ́yà wọn nìkan ló lè gbà á láìsí àṣẹ adájọ́. Texas kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wà ní gbangba níbẹ̀, àfi bí adájọ́ bá pàṣẹ pé kí wọ́n ti apá kan nínú rẹ̀ pa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá nọ́mbà ẹjọ́ náà

Gbogbo ẹjọ́ ló ní nọ́mbà tí wọ́n ń pè ní cause number. Ní Harris County, ọdún tí wọ́n pe ẹjọ́ ló máa ń ṣáájú nínú rẹ̀, kí nọ́mbà mìíràn tó tẹ̀ lé e. Bí nọ́mbà yìí bá wà lọ́wọ́ yín, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí kò bá sí, ẹ wo ìwé èyíkéyìí tó bá kù lára ẹjọ́ náà: lẹ́tà tí lọ́yà kọ sí yín, ìwé owó ìtọ́jú ọmọ, ìwé tí wọ́n fi pè yín wá sí kóòtù. Òkè ojú ìwé àkọ́kọ́ ni nọ́mbà náà máa ń wà.

Bí ẹ kò bá rí ìwé kankan, orúkọ ni ẹ ó fi wá a lórí íkànnì District Clerk. Ẹ ó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó yan ẹjọ́ ẹbí, ẹ ó sì tẹ orúkọ. Ibi tí àwọn ènìyàn wa ti máa ń jáwọ́ nìyí, tí wọn a sọ pé ìwé àwọn ti sọnù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà ló fà á. Orúkọ Yorùbá gùn, òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ ibi tó ti yẹ kí ó gé e. Mo ti rí Oluwaseun tí wọ́n pín sí méjì, tí Olu di orúkọ àkọ́kọ́, tí Waseun sì di orúkọ àárín. Mo ti rí Oluwafunmilayo tí lẹ́tà tó kẹ́yìn kò sí nínú rẹ̀. Mo ti rí orúkọ bàbá tó lọ síwájú, tí orúkọ àbísọ wá sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà nílé ẹ̀kọ́ ní ilé.

Nítorí náà, ẹ má tẹ orúkọ kíkún. Ẹ tẹ lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé nìkan, kí ẹ sì fi ọdún ṣe odi yí i ká. Bí orúkọ ìdílé náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ade tàbí Ola, ohun tí ẹ ó rí yóò pọ̀ jù. Ẹ bá orúkọ ẹnì kejì wá a, pàápàá tí orúkọ tirẹ̀ bá jẹ́ èyí tí kò wọ́pọ̀. Ẹ gbìyànjú orúkọ ọkọ àti orúkọ ilé bàbá obìnrin. Ẹ pààrọ̀ orúkọ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn sí ipò ara wọn. Ẹ wá a pẹ̀lú àmì ìsopọ̀ láàárín orúkọ méjì, kí ẹ sì tún wá a láìsí i. Àkọlé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ní Texas máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú In the Matter of the Marriage of, orúkọ àwọn méjèèjì a sì tẹ̀ lé e, nítorí náà orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn lè gbé e jáde.

Fáìlì àtijọ́ gan-an lè má sí lórí íkànnì. Irú rẹ̀ lè wà lórí microfilm, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ya àwòrán ìwé sí ní kékeré, tàbí ní ibi ìkó-ìwé-pamọ́, ẹ ó sì ní láti bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n bá yín wá a. Ẹ fún wọn ní àlà ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má kàn sọ pé ó ti pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wo bí ẹjọ́ náà ṣe parí

Nígbà tí ẹ bá rí ẹjọ́ náà, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ bí ó ṣe parí sí. Pípe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ọ̀tọ̀, kí adájọ́ fọwọ́ sí i ọ̀tọ̀. Texas ń béèrè pé kí ọjọ́ 60 kọjá lẹ́yìn ìpẹ̀jọ́ kí adájọ́ tó lè tú ìgbéyàwó ká, àfi nínú ọ̀rọ̀ ìwà ipá nínú ilé. Láàárín àkókò yẹn àwọn mìíràn máa ń kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, owó lọ́yà a tán, àwọn mìíràn a sì rò pé ìwé tí àwọn ti fọwọ́ sí ti tó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá padà wá, kóòtù yóò pa ẹjọ́ náà tì, àkọsílẹ̀ yóò sì sọ pé dismissed for want of prosecution, ìyẹn ni pé a lé ẹjọ́ náà dànù nítorí pé ẹni tó pè é kò tẹ̀ lé e mọ́. Nígbà mìíràn ẹni tó pe ẹjọ́ ló fà á padà fúnra rẹ̀, àkọsílẹ̀ a sì sọ pé nonsuit.

Ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá kà báyìí ṣì jẹ́ ọkọ tàbí aya ẹni tí ó rò pé òun ti kọ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo, pàápàá fún ẹni tó ti fẹ́ ẹlòmíràn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe kọ fọ́ọ̀mù USCIS kankan lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sì ṣe kọ sí i pé ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀; ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò tó mọ òfin ẹbí àti òfin ìgbélùú ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé àkọsílẹ̀ fi hàn pé adájọ́ ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́mbà kóòtù náà pẹ̀lú, bíi 246th tàbí 309th. Kóòtù tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí ní Harris ju ẹyọ kan lọ, nọ́mbà yìí yóò sì mú iṣẹ́ yá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ béèrè ìwé náà

Bí ẹ bá lè lọ fúnra yín, ẹ lọ. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ tó ní àwòrán yín dání, ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ fún wọn ní nọ́mbà ẹjọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere pé ẹ̀dà olóǹtẹ̀ ti ìwé àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, ni ẹ fẹ́. Ojú ìwé ni wọ́n fi ń ka owó, ó sì wọ́pọ̀ ní Texas pé kí ó jẹ́ dọ́là kan lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìwé tọkọtaya tí kò ní ọmọ lè má ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ. Ti àwọn tó ní ọmọ máa ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ béèrè iye ojú ìwé kí ẹ tó sanwó. Mo ti rí àwọn tó fẹ́ dín owó kù, tí wọ́n ra ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn nìkan. Ọ́fíìsì tó ń gbà á yóò kọ̀ ọ́, owó yóò sì di ìlọ́po méjì.

Ẹ̀dà méjì ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti rà, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá, ọ̀kan fún inú àpótí.

Ẹni tó jìnnà lè fi lẹ́tà béèrè. Kí lẹ́tà náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má sì gùn. Kí orúkọ kíkún àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ kóòtù, bí wọ́n tilẹ̀ ṣì í kọ. Lẹ́yìn náà nọ́mbà ẹjọ́, nọ́mbà kóòtù, ọjọ́ tí adájọ́ fọwọ́ sí i, àkọlé ìwé tí ẹ fẹ́, iye ẹ̀dà, nọ́mbà fóònù yín, àti àdírẹ́sì tí wọn yóò fi ránṣẹ́. Ẹ fi énfílóòpù tí ẹ ti kọ àdírẹ́sì yín sí, tí ẹ sì ti lẹ sítáǹbù mọ́, sínú rẹ̀. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, láti béèrè iye owó gan-an àti irú owó tí wọ́n ń gbà. Money order ló máa ń rọrùn jù, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì ló ń gba ṣẹ́ẹ̀kì ara ẹni.

Àwọn tó ti padà sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Èkó kò ní láti wọ ọkọ̀ òfurufú nítorí èyí. Níwọ̀n bí ìwé náà ti wà ní gbangba ní Texas, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀ lè bá yín gbà á, bí nọ́mbà ẹjọ́ bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn íkànnì aládàáni tó ń polówó pé àwọn lè wá ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ẹnikẹ́ni jáde. Wọn yóò gba owó yín, wọn yóò fún yín ní ìsọfúnni tí wọ́n ṣà jọ, ẹyọ òǹtẹ̀ kan kò sì ní sí lórí rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù nìkan ló lè fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìwé tó wà ní ìtọ́jú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ní òkè ojú ìwé àkọ́kọ́, apá òsì yóò gbé orúkọ tọkọtaya, apá ọ̀tún yóò sì gbé nọ́mbà kóòtù àti Harris County, Texas. Ẹ ka iye ojú ìwé rẹ̀, bóyá ó pé. Ní ìparí rẹ̀, ẹ wá ìfọwọ́sí adájọ́ àti ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju ọjọ́ mìíràn lọ nínú ìwé náà. Bí ẹ bá ti fẹ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ ìfọwọ́sí adájọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó tuntun. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó yóò gbé ọjọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Texas pẹ̀lú sọ pé kí ẹni tó kọ ọkọ tàbí aya sílẹ̀ má ṣe fẹ́ ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́, àyàfi bí adájọ́ bá yọ̀ǹda.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti dá orúkọ obìnrin padà, bí ó bá béèrè fún un nígbà náà. Lẹ́tà kan péré tí ó bá ṣì nínú orúkọ yẹn lè dá ìwé ìrìnnà dúró. Akọ̀wé kò ní agbára láti tún un kọ, ẹ má bá a jà. Adájọ́ ló ń ṣe é, nípasẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nunc pro tunc, tí a fi ń tún àṣìṣe ìkọ̀wé ṣe nínú ìdájọ́ tó ti parí.

Ẹ tún wá nọ́mbà Social Security yín nínú rẹ̀. Ìwé àwọn tó ní ọmọ, pàápàá èyí tó ti pẹ́, sábà máa ń gbé nọ́mbà náà àti nọ́mbà ìwé ìwakọ̀ àwọn òbí. Ẹ má fi irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní láti ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ fún ẹni tí kò nílò nọ́mbà náà, orí fọ́tókọ́pì ni kí ẹ ti bò ó. Ẹ má ṣe fi bírò kan ẹ̀dà olóǹtẹ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí Nàìjíríà ni ẹ ó ti lò ó

Ní ilé, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ ni decree nisi, ìyẹn àṣẹ àkọ́kọ́ tí kò tíì fìdí múlẹ̀, tí yóò di decree absolute, èyí tó fìdí múlẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Texas kò ní méjì. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo ni. Bí wọ́n bá béèrè decree absolute lọ́wọ́ yín, Final Decree of Divorce ni ẹ ó fún wọn, ẹ sì lè bẹ lọ́yà ní ilé kí ó kọ lẹ́tà kúkúrú tó ṣàlàyé èyí.

Nàìjíríà kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lo apostille, ìyẹn ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, nítorí náà òǹtẹ̀ kóòtù nìkan lè má tó. Ẹ ó gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ tuntun, ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Secretary of State ti Texas ní Austin, tí yóò jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí akọ̀wé kóòtù, dọ́là 15 lórí ìwé kan. Láti ibẹ̀ ni yóò lọ sí Department of State, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Amẹ́ríkà, ní Washington, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù DS-4194 àti dọ́là 20, kí ó tó wá dé ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà fún ìjẹ́rìísí ìkẹyìn. Owó wọ̀nyí lè yí padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íkànnì wọn lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni gbogbo rẹ̀ lè gbà, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ sí ìwé ìpè ìgbéyàwó kí ó tó padà sọ́wọ́ yín.

Láti ọjọ́ tí akọ̀wé bá ti fún yín ní ẹ̀dà náà, ẹ má ṣe yọ irin kékeré tí wọ́n fi so àwọn ojú ìwé rẹ̀ pọ̀, kódà nítorí fọ́tókọ́pì. Ẹni tó ń jẹ́rìí sí i ní Austin tàbí ní Washington, bí ó bá rí ihò tó ju èyí tí irin náà ń wọlé sí lọ, yóò rò pé wọ́n ti pààrọ̀ ojú ìwé kan nínú rẹ̀, ó sì lè dá a padà. Ẹ ṣí i bí ẹni ń ṣí ìwé orin, ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.